Ẹ Má San Owó Tó Kù Kí Láísẹ́ǹsì Tó Dọ́wọ́ Yín

Ẹni tó ra ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, tí kò gba sọ́fítíwíà tó ń darí rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, tí kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́jọ́ tó bá wù ú, irin lásán ló rà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ nínú. Yóò sì bí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan nínú ní Òṣogbo àti Iléṣà, àwọn tó ti ná owó gọbọi, tí wọ́n sì gbà pé gbogbo ohun tí àwọn sanwó rẹ̀ ti dé ọwọ́ àwọn. Kò tíì dé. Kí wọ́n lọ wo láàpútọ́ọ̀pù tí àwọn oníṣẹ́ fi ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, kí wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí láísẹ́ǹsì inú rẹ̀.

Nínú àpótí iná ẹ̀rọ tó ń rọ ọtí sínú ìgò, tàbí èyí tó ń di omi sínú ọ̀rá, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní PLC. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ní Amẹ́ríkà ló wá irú rẹ̀ kiri ní 1968, nítorí pé ó ti sú wọn láti máa tú wáyà palẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe oríṣi ọkọ̀ tuntun. PLC yìí ló ń sọ ìgbà tí mọ́tò yóò yí, ìgbà tí fáàfù yóò ṣí, àti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni má baà fara pa. Ojú lásán kò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àfi kéèyàn so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ ọn, kí láàpútọ́ọ̀pù náà sì ní sọ́fítíwíà ilé-iṣẹ́ tó ṣe PLC yẹn gan-an. Siemens ti Jámánì ní STEP 7 àti TIA Portal, Rockwell ti Amẹ́ríkà ní Studio 5000, ti ọ̀kan kò sì lè ṣí ti èkejì.

Láísẹ́ǹsì ló ń jẹ́ kí sọ́fítíwíà wọ̀nyí ṣiṣẹ́. Láyé àtijọ́, inú flópì ni Siemens ń fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sí. Lónìí, ètò kan tó ń jẹ́ Automation License Manager ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹyọ kan ni kọ́kọ́rọ́ náà: bó bá dé orí kọ̀ǹpútà kejì, ó ti kúrò lórí èkíní nìyẹn. Bí èèyàn bá kàn ṣe àdàkọ háàdì dísíkì àtijọ́ sórí tuntun, kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ní ṣiṣẹ́. Rockwell ní tirẹ̀ ń so láísẹ́ǹsì mọ́ nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ǹpútà, tàbí mọ́ dóńgù kékeré tí a ń kì bọ ojú USB. Ìtumọ̀ gbogbo èyí ni pé kí láàpútọ́ọ̀pù tó kú ló yẹ kéèyàn ti gbé láísẹ́ǹsì kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọjọ́ tí yóò kú? Níbi tí NEPA ti ń mú iná tó ń mú un wá lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, tí eruku sì ń wọ inú ohun gbogbo, ọjọ́ yẹn kì í pẹ́ dé.

Ohun tó máa ń tan àwọn ọ̀gá jẹ ni ọjọ́ ìdánwò. STEP 7 àtijọ́ ń fúnni ní ọjọ́ 14 láti lò ó láìní láísẹ́ǹsì, TIA Portal ń fúnni ní 21, Rockwell ń fúnni ní 7. Wọ́n ra láàpútọ́ọ̀pù tuntun, wọ́n fi sọ́fítíwíà sí i, ẹ̀rọ dáhùn, ọ̀gá bá buwọ́ lùwé pé iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ ìdánwò tán, sọ́fítíwíà tì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ àfi ní òru tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ tí ìbéèrè ọjà sì wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá wá kọ̀wé sí ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà pé kó fún àwọn ní òmíràn, ìwé ẹ̀rí láísẹ́ǹsì ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ibo ni ìwé náà wà? Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó wá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, nítorí orúkọ tirẹ̀ ló fi rà á.

Ohun kan tilẹ̀ burú ju láísẹ́ǹsì lọ, ìyẹn ni fáìlì iṣẹ́. Nígbà tí ẹnjiníà kọ ètò sínú PLC, ó fi orúkọ sí ohun gbogbo, ó sì ṣàlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ohun tó wà fún. Lórí ọ̀pọ̀ PLC tó wà nílé-iṣẹ́ wa, bíi S7-300 ti Siemens, orúkọ àti àlàyé yẹn kì í wọ inú PLC rárá. Orí láàpútọ́ọ̀pù ni wọ́n ń gbé. Bí láàpútọ́ọ̀pù bá lọ, èèyàn lè fa ètò jáde látinú PLC lóòótọ́, ṣùgbọ́n kìkì lẹ́tà àti nọ́ńbà ni yóò rí, I 4.3 níbí, M 20.1 lọ́hùn-ún, kò sì ní mọ èwo ni fáàfù, èwo ni agogo ewu. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá tún fi páásíwọ́ọ̀dù ti apá kan rẹ̀ pa, apá yẹn kò ní ṣí rárá.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní ìdáhùn kan tí wọ́n máa ń fún wa. Wọ́n ní tí àwọn bá jẹ́ kí sọ́fítíwíà máa rìn láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà, ọmọ Nàìjíríà yóò dà á kọ, yóò sì tà á. Èmi kò gba èyí. Gbígbé nǹkan láti ibì kan dé ibòmíràn yàtọ̀ sí sísọ ọ́ di méjì, àwọn fúnra wọn ló sì ṣe kọ́kọ́rọ́ tó ń kúrò níbi àkọ́kọ́ kó tó dé ibi kejì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 2012, ilé-ẹjọ́ gíga àjọ Yúróòpù dá ẹjọ́ láàárín UsedSoft àti Oracle pé ẹni tó ra láísẹ́ǹsì tí kò lọ́jọ́ ìparí lè tà á fún ẹlòmíràn pàápàá, bí ó bá ṣáà ti pa ti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ rẹ́. Bí ará Jámánì bá lè ta láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún àjèjì, kí ló dé tí ará Iléṣà kò ní lè gbé tirẹ̀ láti orí láàpútọ́ọ̀pù tó kú bọ́ sórí èyí tó ra láti fi rọ́pò rẹ̀?

Àmọ́ n kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn òyìnbó àti ará Ṣáínà tó ń ta ẹ̀rọ fún wa. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ tiwa ni. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí yóò ra ọkọ̀ fún ara rẹ̀ yóò sọ pé láàpútọ́ọ̀pù iṣẹ́ ti wọ́n jù, kí ẹnjiníà máa lo tirẹ̀. Ẹnjiníà fi owó ara rẹ̀ ra láàpútọ́ọ̀pù, ó fi ímeèlì ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, gbogbo fáìlì iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà sì wà pẹ̀lú àwòrán ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá rí físà Kánádà, gbogbo rẹ̀ bá a wọ bàálù lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ọmọkùnrin yẹn ní olè. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kò fún un ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè. Ọ̀gá tó kọ̀ láti ra láàpútọ́ọ̀pù iṣẹ́, tó kọ̀ láti ní àkáǹtì ní orúkọ ilé-iṣẹ́, òun ló ba nǹkan jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta kíráàkì, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n ti fọ́ ìdè láísẹ́ǹsì rẹ̀. Lórí èyí n kò ní fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀: ẹni tó bá fi kíráàkì sórí láàpútọ́ọ̀pù tó ń wọ inú PLC ń fi ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ ṣeré. Ní oṣù Keje 2022, ilé-iṣẹ́ ààbò Dragos tú àṣírí irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún fífọ́ páásíwọ́ọ̀dù PLC. Irinṣẹ́ náà fọ́ páásíwọ́ọ̀dù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún gbé fáírọ́ọ̀sì Sality sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó lò ó. Ní 2010 ni gbogbo ayé gbọ́ nípa Stuxnet, tó ń bá fláàṣì rìn, tó sá sínú STEP 7, tó ń yí ohun tí PLC ń ṣe padà, tó sì ń fi han ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pé kò sí nǹkan kan. Bọ́ílà tó ń gbóná kọjá ààlà kò mọ̀ pé owó ni a kò ní tí a fi lo kíráàkì. Òfin wa pàápàá lòdì sí i: Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, ka fífọ́ irú ìdè bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, kí a tó rajà ló yẹ ká ti jà.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìlú ńlá nìyí, kò kan Ìjẹ̀ṣà. Wọn kò la ojú wọn. Láti oṣù Kejìlá 1978 ni ilé-iṣẹ́ ọtí International Breweries, tí olóògbé Lawrence Ọmọle dá sílẹ̀, ti ń pọn ọtí ní Iléṣà. Lápá gúúsù Iléṣà ni ibi ìwakùsà wúrà Ṣẹ̀gilọlá wà, tó da wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Keje 2021, tí àwọn ará Ṣáínà sì bá wọn kọ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Kò sí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó lè ṣiṣẹ́ láyé òde òní láìsí sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀rọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní agbẹjọ́rò, wọ́n sì ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ nítorí wọn ni oníbúrẹ́dì, olómi inú ọ̀rá, àti àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ, tí wọ́n ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí gbogbo ìdílé ń jẹun lára rẹ̀.

Òṣogbo tún ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà. Ọjọ́ 14, 15 àti 19 oṣù Kẹwàá 2024, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́fà, gíríìdì wó lulẹ̀, gbogbo wa sì wà nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláṣẹ iná ti ń sọ pé àìsí SCADA tó pójú owó, ìyẹn ètò tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa rí gbogbo ibùdó láti Òṣogbo, wà lára ohun tó ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 486 dọ́là ní 2018 fún iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà iná, SCADA sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi hàn wá ni ojú ìwé àdéhùn tó sọ ẹni tó ni láísẹ́ǹsì, àti bí wọn yóò ṣe gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní Òṣogbo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ bàálù wá láti òkèèrè. Owó ìlú ni. Ẹ̀tọ́ wa ni láti kà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwà rere olùtajà yóò gbà wá. Ní Póláńdì, ní oṣù Kejìlá 2023, àwọn amòye kọ̀ǹpútà mẹ́ta sọ fún ayé pé àwọn rí i nínú sọ́fítíwíà ọkọ̀ ojú irin tí Newag ṣe pé bí ọkọ̀ náà bá pẹ́ ní ọgbà àwọn tó ń bá Newag du iṣẹ́ àtúnṣe, yóò kọ̀ láti ṣí. Newag sẹ́, ó sì gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá 2024, ìjọba gbà kí wọ́n máa tú ìdè sọ́fítíwíà ẹ̀rọ oúnjẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tó ń ṣe áísìkirímù, kí wọ́n lè tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n béèrè irú àǹfààní kan náà fún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá, ìjọba kọ̀. Bí ará Amẹ́ríkà kò bá rí i gbà lọ́dọ̀ ìjọba tirẹ̀, àwa kò gbọ́dọ̀ jókòó de Àbújá.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju ìlà kan lọ nínú ìwé àdéhùn: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ kò ní jáde títí tí olùtajà yóò fi gbé sọ́fítíwíà, láísẹ́ǹsì, fáìlì iṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé rẹ̀, àti gbogbo páásíwọ́ọ̀dù sórí láàpútọ́ọ̀pù kejì tí ilé-iṣẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà, ní ìṣojú àwọn oníṣẹ́ tí yóò máa tún ẹ̀rọ náà ṣe. Láàpútọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà ní pípa nígbà tí wọ́n bá ń dán èkejì wò. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, nígbà tí ọjọ́ ìdánwò gbogbo ti tán, kí wọ́n tún un ṣí. Bó bá ṣí, kí owó jáde. Àwọn bàbá wa ní Ìjẹ̀ṣà, àwọn òṣómàáló tó ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n fi gba owó wọn. Olùtajà tó gba owó tí kò fi láísẹ́ǹsì sílẹ̀, onígbèsè ni. Ẹ lóṣòó tì í.

Wọn yóò ní oníṣòwò kékeré kò lágbára láti bá ará Ṣáínà fa ọ̀rọ̀, pé ìdá 30 ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á sì gba 70 tó kù kí ẹrù tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó dáa. Kí 70 yẹn tó jáde ni kí ẹ ṣe ìdánwò náà lórí fídíò, ní ilé-iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù méjì lórí tábìlì. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ aṣojú kan ní Èkó lẹ ti rà á, owó tirẹ̀ ni kí ẹ ti dá ìdá mẹ́wàá dúró, nítorí òun náà jèrè níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní òun kò mọ ohun tó yẹ kí òun máa wò lọ́jọ́ ìdánwò, Federal Polytechnic Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo, Yunifásítì Iléṣà sì wà nínú ìlú. Kí ó mú olùkọ́ kan níbẹ̀ dání kí ó wá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ẹ̀rọ tirẹ̀ wà lórí omi báyìí, tí owó rẹ̀ kò tíì tán sílẹ̀, kí ó kọ̀wé sí olùtajà lónìí, kí ìlà yẹn ti wà nínú àdéhùn kí àpótí ẹrù tó balẹ̀ sí Àpápá.