Àtẹ̀jáde Ìpàdé Ẹgbẹ́ Lórí Títẹ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́rọ̀

Àwa òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn èdè Yorùbá pàdé ní Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wa: bó ṣe yẹ ká tẹ ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣìsọ, tàbí ẹni tó fi ẹnu ba ẹlòmíràn jẹ́. Ibi tí a fẹnu kò sí nìyí.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló pẹ́ jù nílẹ̀. Bí agbẹnusọ wọn bá ní, "A ti mú àwọn ọ̀daràn náà," àwọn kan nínú wa a pa "ọ̀daràn" rẹ́, wọn a fi "[afurasí]" rọ́pò rẹ̀. Ó jọ oore, ṣùgbọ́n àṣírí agbẹnusọ ni wọ́n ń bò. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Ó yẹ kí òǹkàwé rí i pé ọlọ́pàá ti dájọ́ ṣáájú adájọ́. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú àmì àyọlò, ẹ sọ ẹni tó sọ ọ́, kí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sì sọ bóyá ẹjọ́ ti dé kóòtù. Nínú àkọlé àti nínú ọ̀rọ̀ tiwa, afurasí ni wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má fi [sic] sẹ́yìn "ọ̀daràn" yẹn o. Àṣìkọ àti àṣìsọ tí a tẹ̀ bó ṣe wà ni àmì náà wà fún.

Àmì náà kì í sì í ṣe pàṣán. Ìyá Èkìtì tó ní "ulé" kò ṣìsọ, ẹ̀ka èdè rẹ̀ ló sọ. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà níkàlẹ̀, tí àwọn náà ní ẹ̀ka èdè tiwọn, bínú gan-an sí fífi [sic] sẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jàre. "Aiye" àti "enia" inú ìwé àtijọ́ náà kì í ṣe àṣìṣe. Àkọtọ́ tó ṣáájú ti 1974 ni. Ẹni tó bá ń yọ ọ̀rọ̀ látinú Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1859, kó kọ ọ́ bó ṣe bá a.

Bí ẹ bá fi àmì ìdánudúró mẹ́ta gé ọ̀rọ̀ kúrú, ẹ má gé "kò" tàbí "bó bá jẹ́ òótọ́" mọ́ ọn. Àlàyé tiwa, inú àkámọ́ onígun ni kó máa wà.

Ohùn wa kò tíì ṣọ̀kan lórí èébú ẹ̀yà. Àwọn kan ní ká tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu, àwọn mìíràn ní ká ròyìn rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́. Títí di ìpàdé tó ń bọ̀, kí akọ̀ròyìn má dá a ṣe. Kó bi olóòtú rẹ̀ léèrè kí ìwé tó dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ ẹgbẹ́