Kí Ọkọ̀ Tó Kúrò Lọ́wọ́ Wa, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Airbag Rẹ̀

Lórí ojú ewé ọrọ̀ ajé yìí, owó la sábà máa ń sọ: bí a ṣe ń rà, bí a ṣe ń tà, bí a ṣe ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Tòní náà kò yà kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀, nítorí náà a bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọkọ̀ kékeré tó ti pẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀ ayé ní ilẹ̀ yìí. Corolla, Civic àti irú wọn kì í jẹ epo púpọ̀, wọn kì í tètè bàjẹ́, owó wọn kò sì wọ́n. Nígbà tí ọwọ́ bá tẹ òmíràn, a ó ta èyí tó wà nílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tàbí ká fún ọmọ tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tàbí ká tì í sínú kọ̀ńténà lọ sí Èkó. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ohun tí àwa ń sọ ni pé kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ ká ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá airbag rẹ̀ wà lára èyí tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe, ká sì ti ṣe àtúnṣe náà. Ọrùn ẹni tó ń tà ni ẹrù yìí wà, kì í ṣe ọrùn ẹni tó ń rà.

Kí ni ìṣòro náà gan-an? Airbag ni àpò tó ká jọ sínú sítíárìn àti sínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, iná á ṣẹ́ sí èròjà kan nínú agolo irin kékeré, èròjà náà á jó, á di gáàsì, gáàsì á sì kún inú àpò náà kí ojú tó ṣẹ́. Oore ńlá ni. Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, NHTSA, ṣírò rẹ̀ pé láti 1987 títí di 2017, airbag iwájú ọkọ̀ gba ẹ̀mí tó lé ní 50,000 là ní orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yọ tirẹ̀ dànù.

Ṣùgbọ́n Takata, ilé iṣẹ́ Japan kan tó ń ṣe airbag fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, lo ammonium nitrate nínú agolo náà. Èròjà yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Ooru àti ọ̀rinrin kì í bá a lára mu. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ó ń gbóná lọ́sàn-án tí ó ń tutù lóru, èròjà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, dípò kó jó bó ṣe yẹ, á bú gbàmù, agolo irin náà á fọ́, ẹ̀rún irin á sì fò jáde lọ bá ọrùn, ojú àti àyà ẹni tó jókòó síwájú. Ìjàǹbá kékeré, irú èyí tí èèyàn ì bá fi sọ̀ kalẹ̀ kó máa bá ẹnì kejì ṣàròyé nítorí bọ́ńpà, ti pa èèyàn báyìí.

Oṣù November 2008 ni Honda kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá ọkọ̀ padà wá nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, àwọn Accord àti Civic ti 2001 tí kò ju bí 4,000 lọ. Èdè òyìnbó ń pe irú ìpè bẹ́ẹ̀ ní recall, a ó sì máa lo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ nítorí òun ni ẹ ó bá pàdé lára ìwé. Ní May 2009, ọmọbìnrin ọdún 18 kan kú ní Oklahoma nínú Accord ti 2001. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń fẹjú, títí ó fi di recall tó tóbi jù lọ nínú ìtàn ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà: airbag bíi mílíọ̀nù 67. Èèyàn tó ju 25 lọ ti kú ní orílẹ̀-èdè yìí nìkan, ó kéré tán 400 ló sì ti fara pa. Ní Malaysia, aláboyún kan kú ní 2014 nínú Honda City, ọkọ̀ kékeré bíi tiwa náà. Ní January 2017, Takata gbà pé òun jẹ̀bi pé òun fi èrú bo àbájáde àyẹ̀wò mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní kó san bílíọ̀nù 1 dọ́là. Ní June ọdún náà, ó wọ gbèsè, ó kọ́gbá sílé.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Rárá o. Bí airbag wọ̀nyí bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ewu wọn ń pọ̀ sí i. Ní 2016, NHTSA kìlọ̀ pé nínú àwọn Honda àti Acura kan tí wọ́n ṣe láàárín 2001 àti 2003, tí Civic 2001 àti 2002 wà lára wọn, ó ṣeé ṣe kí èyí tó tó 50 nínú 100 bú bí ìjàǹbá bá mú kí airbag náà ṣí. Ní February 2023, Honda sọ fún àwọn tó ṣì ní nǹkan bí 8,200 nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe wà á mọ́ rárá. Ní January 2024, Toyota sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa ọkọ̀ bíi 50,000: Corolla àti Matrix ti 2003 àti 2004, àti RAV4 ti 2004 àti 2005. Ẹ wò ó, Corolla 2003! Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tó ní in?

Kí ló wá dé tí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń pè láti ọdún gbọọrọ fi ṣì ń rìn láìtún un ṣe? Ìdí kan tó kan àwa gan-an ni lẹ́tà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń kọ lẹ́tà sí, sí àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tiwa ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. A rà á ní gbàǹjo, a lò ó fún ọdún 2, a kó kúrò ní Maryland lọ sí Texas, a tà á fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n fún àbúrò ìyàwó. Lẹ́tà ń lọ sí ilé tí a ti kó kúrò. Èyí tó bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, a rò pé ìwé ìpolówó ni, a sọ ọ́ sínú pàǹtí.

Òfin náà kò ràn wá lọ́wọ́ tó. Láti June 2016, òfin àpapọ̀ kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi ọkọ̀ háyà gbé ọkọ̀ tó ní recall tí wọn kò tíì tún ṣe jáde. Ṣùgbọ́n kò sí òfin àpapọ̀ tó sọ pé kí dílà má ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ àlòkù. Ẹni tó háyà ọkọ̀ fún ọjọ́ 2 wá ní ààbò ju ẹni tó fi owó oṣù mẹ́fà ra tirẹ̀ lọ. Èyí kò dáa, a kò sì gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí wọn yóò tún òfin ṣe. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí òfin kò bá dá dílà lọ́wọ́ kọ́, àwa tí a ń pe ara wa ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè dá ara wa lọ́wọ́ kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ sílé ló kàn wá jù. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ń pín àtúnṣe yìí, àwọn ibi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ ni wọ́n fi síwájú, bíi Florida, Texas, Hawaii àti Puerto Rico, nítorí ibẹ̀ ni èròjà náà ti ń tètè bàjẹ́. Bí ooru Florida bá le tó bẹ́ẹ̀, kí ni ká wí nípa ti Èkó àti Ìbàdàn? Ọkọ̀ tó ti wà nínú òtútù Chicago láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí a wá gbé lọ sínú oòrùn ilé, inú ewu ni a túbọ̀ ń tì í sí. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí àdírẹ́sì wa níbí kò sì ní sọdá òkun lọ bá ìyá tàbí àbúrò tí a fún ní ọkọ̀ náà. Níbí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún un ṣe. Àǹfààní yìí kò yẹ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó wọ èbúté.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, “Ọkọ̀ mi kò tan iná kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.” Òótọ́ ni pé bí iná airbag bá ń tàn láìkú, àmì ìṣòro ni. Ṣùgbọ́n èròjà tó ti bàjẹ́ nínú agolo kì í tan iná. Wọ́n á ní, “Wọ́n á béèrè ìwé ìgbélùú mi.” Nọ́ńbà ọkọ̀ ni ibi àyẹ̀wò náà ń béèrè, kò béèrè orúkọ yín. Wọ́n á ní, “Ọkọ̀ yìí ti gbó, kò yẹ fún ìnáwó.” Kọ́bọ̀ kan ẹ kò ní ná. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe Takata, bó ti wù kí ọkọ̀ náà ti pẹ́ tó. Àwọn tí wọ́n ní kí ẹ má ṣe wà mọ́, ilé iṣẹ́ ṣèlérí pé àwọn yóò wá wọ́ ọ lọ tàbí kí àwọn tún un ṣe níbi tó wà, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní VIN. Nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 ni. Ó tún wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ àti lórí káàdì inṣọ́ránsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí recall bá wà tí wọn kò tíì ṣe, á hàn níbẹ̀. Ẹ pe dílà tó ń ta irú ọkọ̀ náà, ẹ ka nọ́ńbà náà fún un, ẹ gba ọjọ́. Nígbà tí wọ́n bá parí, ẹ gba ìwé iṣẹ́ náà, kí ẹ fi í sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí recall tuntun ń jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá ní gbàǹjo, tí ẹ ń tún un ṣe tà, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín lọ́tọ̀. Bí airbag rẹ̀ bá ti ṣí tẹ́lẹ̀, òmíràn ni ẹ gbọ́dọ̀ fi síbẹ̀, ẹ má sì wá èyí tó pọ̀ lọ́pọ̀. Ní July 2024, NHTSA kéde pé láàárín oṣù mẹ́sàn-án, èèyàn 3 kú, 2 sì fara pa gidigidi, nítorí agolo airbag pọ́ọ́kú tí wọ́n fi rọ́pò ojúlówó. Olùrà náà lè ṣe àyẹ̀wò kékeré kan: bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná airbag yẹ kó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán wò ó kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, ohun mẹ́ta ni a dábàá. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ polówó ọkọ̀ nípàdé tàbí nínú ìwé ìròyìn wa mú èsì àyẹ̀wò VIN rẹ̀ dání. Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ọwọ́ wọn yá lórí fóònù jókòó fún wákàtí kan lẹ́yìn ìpàdé, kí wọ́n bá àwọn bàbá àti ìyá wa yẹ ọkọ̀ wọn wò. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tó ń bá wa kó kọ̀ńténà lọ sílé máa béèrè èsì yìí kí wọ́n tó gba ọkọ̀ wọlé.

Ó lè dín èrè kù díẹ̀, ó sì lè fa ọjọ́ ìtajà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọjà ará ilé kò dà bí ọjà àjèjì. Ẹni tí a tà á fún ni a ó tún pàdé níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìgbéyàwó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí a ti pẹ́ níbí tí a mọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe bí àgbà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Olódùmarè yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ire o.