Wákàtí Mẹ́jọ, Ṣùgbọ́n Wákàtí Wo?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwọn àgbà lè kọ́kọ́ fi ẹ̀rín gbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìṣeré ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dé ìsàlẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìṣèlú sì ni pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹ̀rọ géèmù tuntun tí iná lọ mọ́ lójú nígbà tí ó ń tún ìlànà inú ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́, ìtúnṣe tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní update.

Ní Fìdítì àti Ìlọrà, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé ìwé tí kò rí iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe aláìgbọ́n. Ẹlòmíràn á dá àjọ, á yá díẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, á gba yàrá kan létí títì, á ra tẹlifíṣọ̀n àti PlayStation, tọmọdé tàgbà á sì máa sanwó láti wá gbá bọ́ọ̀lù ojú ẹ̀rọ níbẹ̀. Bí máṣíìnì ti rí fún télọ̀, tàbí bí mọ́tò ti rí fún awakọ̀ tí ń kó ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó Fìdítì lọ sí Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí rí fún un. Bí ó bá kú, kì í ṣe ìṣeré ni ó kú. Ṣọ́ọ̀bù ni ó kú, gbèsè rẹ̀ sì wà láàyè.

Kí ni ìtúnṣe yìí, kí sì ni ewu rẹ̀? Nínú gbogbo ẹ̀rọ géèmù òde òní, ìlànà kan wà tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kọ sí inú rẹ̀. Òun ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ bí yóò ti jí, bí yóò ti mọ ohun tí a fi ọwọ́ tẹ̀, àti bí yóò ti gbé àwòrán sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Láìsí i, ẹ̀rọ kò yàtọ̀ sí òkúta tí a fi ike bò. Inú ohun ìrántí tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ ni a kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ohun ìrántí yìí ní ìwà kan: a kì í kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, a ní láti pa àtijọ́ rẹ́ ní ìpín-ìpín ná, kí a tó kọ tuntun sí ipò rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo baálé ilé tí ń pààrọ̀ páànù òrùlé rẹ̀. Ó ní láti ṣí èyí tí ó ti dípẹtà kí ó tó kan tuntun. Bí òjò bá dé kí ó tó ṣí i, ilé rẹ̀ ní òrùlé. Bí òjò bá dé lẹ́yìn tí ó kàn án tán, ilé rẹ̀ ní òrùlé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ká a mọ́ àárín méjèèjì, kò ní ti àtijọ́, kò sì ní ti tuntun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná tí ó lọ láàárín ìtúnṣe.

Ó tọ́ kí a mọ̀ pé ìpele méjì ni iṣẹ́ náà ní, ewu wọn kò sì dọ́gba. Èkíní ni gbígba ìtúnṣe náà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá lọ nígbà yìí, kò sí ewu ńlá. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ yóò máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kí ó tún un bẹ̀rẹ̀, owó dátà nìkan ni ó lè ṣòfò. Èkejì ni fífi í sípò, nígbà tí ìlà gígùn kan bá ń kún díẹ̀díẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà yìí ni páànù ti ṣí. Ìgbà yìí ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa òun. PlayStation 5, tí Sony mú jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, kò sì ní bátìrì tí ó lè gbé e ró bí iná bá lọ.

A kò fẹ́ fi ẹ̀rù pa ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ni a lè jí. Ọ̀nà kan wà nínú PS5 tí wọ́n ń pè ní Safe Mode. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ yóò pa ẹ̀rọ, yóò tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ìró ẹlẹ́ẹ̀kejì ní bí ìṣẹ́jú-àáyá 7, yóò sì fi okùn so ohun tí a fi ń darí géèmù mọ́ ẹ̀rọ náà. Láti ibẹ̀, ó lè fi fláàṣì tí a ti kó ìtúnṣe Sony sí tún ìlànà náà kọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá le dé ibi pé kí a tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo tí ó wà nínú ẹ̀rọ ni yóò parẹ́, pẹ̀lú àwọn géèmù tí a fi owó dátà ńlá gbà sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé apá tí ń jí ẹ̀rọ gan-an ni ó bàjẹ́, Safe Mode pàápàá kò ní ṣí. Ó di ọwọ́ oníṣẹ́ tí ó ní irinṣẹ́ àkànṣe, irú wọn kò sì pọ̀ ní ìlú kéékèèké.

Àwọn kan yóò wí pé, ṣé dandan ni kí ènìyàn ṣe ìtúnṣe yìí? A dá wọn lóhùn pé bí dandan ni. Géèmù tuntun a máa kọ̀ láti ṣí lórí ìlànà àtijọ́. Ìlànà àtijọ́ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn bá àwọn ará òkèèrè ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Nintendo mú Switch 2 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ọjọ́ náà gan-an ni ìtúnṣe ti ń dúró de ẹni tí ó rà á. Ti Switch 2 sàn díẹ̀, nítorí pé ó ní bátìrì nínú. Bí bátìrì náà bá ti kún, iná lè lọ kí ẹ̀rọ má mọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù Android náà ní ọgbọ́n mìíràn láti ọdún 2016: ibi méjì ni a fi ìlànà sí nínú wọn, tí a fi lè kọ tuntun sí ìkejì nígbà tí àtijọ́ ṣì wà láàyè ní èkíní. Ẹni tí ó kọ́ ilé kejì tán kí ó tó kó kúrò ní àkọ́kọ́, kí ni òjò fẹ́ fi í ṣe? Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ọlọ́gbọ́n yóò ṣe? Èkíní, kí ó wọ inú ètò ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó pa àṣẹ tí ó ní kí ẹ̀rọ máa fi ìtúnṣe sípò fúnra rẹ̀, nítorí pé PS5 lè dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí nígbà tí ó bá ń sinmi lóru, tí olówó rẹ̀ ti sùn. Kí ẹ̀rọ gba ìtúnṣe sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí olówó rẹ̀ ni yóò sọ ìgbà tí a ó fi í sípò. Èkejì, kí ó fi UPS tàbí ínfátà sáàárín ẹ̀rọ àti iná ìjọba. PS5 lè jẹ iná tí ó tó 200 wọ́ọ̀tì nígbà tí a bá ń fi í ṣeré. UPS tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń lò lè gbé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ̀kẹta, kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tàn lẹ́yìn tí iná bá lọ, nítorí pé ìṣẹ́jú-àáyá kan láàárín méjèèjì ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Bí jẹnẹrétọ̀ ni yóò lò, orí rẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí epo inú rẹ̀ tó, kí ó sì parí lórí rẹ̀ bí iná ìjọba tilẹ̀ dé. Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe é nígbà tí ilé kún fún oníbàárà. Ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ kọ okùn kò yàtọ̀ sí NEPA. Bí ìlà ojú ẹ̀rọ bá sì dúró pẹ́, kí ó ní sùúrù, kí ó má fa okùn yọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé ẹ̀bi gbogbo jẹ́ ti ọ̀dọ́ tí ó ni ẹ̀rọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìsokọ́ra iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 14, ó tún wó ní ọjọ́ 15, ó sì tún wó ní ọjọ́ 19. Ìyẹn jẹ́ jàǹbá, a sì mọ̀ pé jàǹbá kì í kéde ara rẹ̀. Èyí tí ó ń dùn wá jù ni iná tí a mọ̀ọ́mọ̀ mú lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi pípín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, IBEDC sì ni ti agbègbè wa. A ti pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí 5: ìsọ̀rí A yóò rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì kan fún ìsọ̀rí A fò láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225.

Ẹ kíyè sí ohun tí ètò yìí ṣèlérí àti ohun tí kò ṣèlérí. Ó ṣèlérí iye wákàtí. Kò ṣèlérí wákàtí wo. Wákàtí 8 tí a gé wẹ́wẹ́ bí ilá, ogún ìṣẹ́jú níhìn-ín, wákàtí kan lọ́hùn-ún, kò wúlò fún iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ já lágbedeméjì. Wákàtí 1 tí kò já, tí a sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni ó ṣe é ṣiṣẹ́ sí. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn oníṣeré nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní ọdún 2024, ìtúnṣe inú ẹ̀rọ wọ ilé àwọn tí kò fọwọ́ kan géèmù rí. Gbogbo ilé tí ó ń lo mítà àsansílẹ̀ ni a ní kí ó tẹ oríṣi nọ́ńbà méjì, oníye 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, sínú mítà rẹ̀ kí ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá tó pé. Ẹni tí ó bá tẹ ọ̀kan tí kò tẹ èkejì kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin olùkọ́ náà mọ̀ pé láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, àti pé WAEC bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún àwọn olùdánwò àdáni ní ọdún 2024. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ Fìdítì àti ọmọ Ìlọrà yóò fi gbára dì fún ìdánwò wọ̀nyí a máa gba ìtúnṣe bí ẹ̀rọ géèmù ti ń gbà á. Bí iná bá já a lágbedeméjì, òkúta tí a fi ike bò ni òun náà lè dà.

Ilé iṣẹ́ iná lè wí pé iná tí ó wà nílẹ̀ kò tó, pé òun ní láti máa pín in kiri. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pín nǹkan kiri mọ ibi tí yóò pín in dé lọ́la. Kí ó sọ ọ́. Kí ó kọ ọ́ sí ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tí ń sanwó fún un, kí ó sọ ọ́ lórí rédíò. Kò ná an ní wáyà kan, kò ná an ní òpó kan.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ní ọdún 2023, àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè àti Òfin Iná Mànàmáná tuntun fún àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣe òfin lórí iná ní agbègbè wọn, títí kan ibi tí òpó ìjọba àpapọ̀ ti dé. Nítorí náà, àwáwí pé Àbújá ni ó ni iná kò tó mọ́. Nígbà tí olùdíje bá wá sí wọ́ọ̀dù yín, ẹ má béèrè àpò ìrẹsì àti ìlérí tiransifọ́mà nìkan. Ẹ bi í pé: òfin wo ni ìwọ yóò ṣe tí ẹni tí ó bá mú iná lọ láìkéde yóò fi san nǹkan fún wa?

Kì í ṣe ohun tuntun ni a ń béèrè. Ní oṣù Keje ọdún 1952, S. O. Awókòyà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀, ó sì dá ọdún 1955 fún un. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé a dá ọdún, àyè wà láti kọ́ ilé ìwé, àyè wà láti kọ́ àwọn olùkọ́, àwọn òbí sì mọ ìgbà tí wọn yóò mú ọmọ wá. Ìjọba tí ó lè dá ọdún kí ó sì mú un ṣẹ ni ó bí ìran àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ṣé wákàtí kan ni ó wá nira láti dá?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbígbà sílẹ̀ àti fífi sípò, kí wọn má baà fi ìkánjú ba ohun tí òbí wọn fi òógùn rà jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ra UPS kí ẹ tó ra géèmù kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń pín iná, ẹ kéde wákàtí yín. Ẹni tí ó ń kan òrùlé kò bẹ òjò pé kí ó má rọ̀ mọ́ láé; ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ọjọ́ tí kò ní rọ̀.