Ológbò Tí Kì Í Jẹ́ Kí Onílé Sùn

Ológbò tó ń ké lóru, tó ń họ ilẹ̀kùn, tó ń ti orí àpótí fò lu ẹni tó ti sùn, kì í sábà jẹ́ ẹran olórí kunkun. Àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ló yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni ara rẹ̀ máa ń yá jù, nítorí ìgbà náà ni eku máa ń jẹ̀ káàkiri. Láàárín wákàtí 24, ó lè fi wákàtí 12 sí 16 sùn, ọ̀sán ló sì ń sun èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá bá a lábẹ́ àká ní Ṣakí, tàbí lẹ́yìn àpò èlùbọ́ ní Ìsẹ́yìn, ní aago méjì ọ̀sán tí páànù ń gbóná, lè pè é ní ọ̀lẹ. Oorun tí onílé yóò pàdánù lóru ló ń sùn yẹn.

Ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Felis lybica, ni baba ńlá ológbò ilé, ilẹ̀ ọ̀dàn sì wà lára ibùgbé rẹ̀. Ní erékùṣù Cyprus, àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun ológbò kan tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 9,500 sẹ́yìn. Ọkà tí àwọn àgbẹ̀ kó jọ ló pe eku, eku ló pe ológbò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí di òní ní Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn wà. Tí wọ́n bá ti kórè àgbàdo àti ẹ̀gúsí tán, yàrá a kún dé àjà. Tí iná bá sì jó igbó lásìkò ọyẹ́, eku oko a máa sá wọ ìlú. Ariwo gbìrìgbìrì tí onílé ń gbọ́ lókè àjà nígbà náà kì í ṣe ìyọnu lásán. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ mú ológbò wálé ló ń ṣe. Ẹni tí ariwo yìí ń jí, eku ni kó dojú kọ: kó da ọkà sínú àgbá tó ní ìdérí, kó dí ihò tó wà láàárín ògiri àti páànù, kó má fi àjẹkù sílẹ̀ mọ́jú. Eku ilé kì í ṣe ohun à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Irú kan nínú wọn ló ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa tó wà ní Borno lónìí.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń sin ológbò: wọ́n gbà pé bí ó bá yó, kò ní pa eku mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó yó náà a máa lé eku, ì báà má jẹ ẹ́. Èyí tí ebi ń pa gan-an ni ilé kì í rímú mí nítorí rẹ̀. Òun ló ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀, òun ló ń ké nídìí ibùsùn. Àmàlà àti èkọ nìkan kò sì lè gbé ẹ̀mí ológbò ró. Ó nílò èròjà kan tó ń jẹ́ taurine, inú ẹran àti ẹja ló wà, ara rẹ̀ kò sì lè ṣe é tó. Àwọn oníwádìí ní Kalifóníà fi hàn ní 1987 pé àìtó rẹ̀ ń ba ọkàn ológbò jẹ́. Ó ń fọ́ ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Orí ẹja, ìfun adìẹ tí wọ́n sè jinná, ẹyin, àti omi tútù nínú abọ́ dára fún un. Wàrà ọ̀dọ̀ Fúlàní ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ológbò àgbà ni mílíìkì máa ń mú yàgbẹ́ gbuuru, ìyẹn sì tún jẹ́ ìdí mìíràn tí yóò fi ké kí wọ́n ṣílẹ̀kùn lóru.

Ìgbà tí oúnjẹ bọ́ sí tún ṣe pàtàkì. Ológbò máa ń dọdẹ, á jẹun, á fi ahọ́n nu ara rẹ̀, á wá sùn. Onílé tó bá fẹ́ sinmi yóò mú kí ọdẹ àti oúnjẹ yìí bọ́ sí kété ṣáájú àkókò tí òun náà fẹ́ sùn. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì, ohun ìṣeré kò wọ́n: àjákù òwú kan àti ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀ ti tó. Kí wọ́n máa wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n dúró, kí wọ́n tún já a lójijì gba abẹ́ àga. Ológbò á ba mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á là rokoṣo, ìdí rẹ̀ á máa mì sọ́tùn-ún sósì, á sì fò mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú eré yìí, kí oúnjẹ tẹ̀ lé e, á gbọ́n ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ dànù. Kí wọ́n wá gbé òwú náà kúrò nílẹ̀ o, torí òwú tí ológbò bá gbé mì lè fún ìfun rẹ̀ pọ̀ kó sì pa á. Ilé ahunṣọ nílò ìṣọ́ra yìí ju ilé mìíràn lọ.

Ìwà onílé fúnra rẹ̀ ló ń mú ọ̀pọ̀ igbe òru gbèrú. Ẹni tó dìde ní aago mẹ́ta láti ju ẹja sí ológbò ti kọ́ ọ pé igbe lérè. Ẹ wo oṣù Ràmàdáánì. Nílé àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, gbogbo ilé ló ń jí jẹ sààrì, ológbò náà á sì gba egungun ẹja tirẹ̀. Odindi oṣù kan nìyẹn. Tí Ìtúnu Ààwẹ̀ bá kọjá, oníkálukú á padà sínú oorun rẹ̀, ológbò á ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ní nǹkan bí aago mẹ́rin, á máa ké. Òun kò bá wọn wo oṣù. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan ní sààrì rárá, kó di ẹ̀yìn ìrun àsùbá. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, kí wọ́n máa sún oúnjẹ rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi máa mọ́ kó tó jẹun. Igbe náà yóò kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá rọ̀ ní ọjọ́ tó le jù náà ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹra mọ́ igbe.

Wọ́n lè fi ológbò sí yàrá mìíràn lóru, bí omi, àpótí iyanrìn tí yóò yàgbẹ́ sí, àti atẹ́gùn bá wà níbẹ̀. Títì í mọ́lé láìsí nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ọgbọ́n. Mùsùlùmí ṣáà mọ hádíìsì obìnrin tó jìyà nítorí ológbò tó sé mọ́lé, tí kò fún lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá jẹ.

Igbe kan wà tí eré àti oúnjẹ kò lè pa: igbe abo tó ń wá akọ. Láti bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó ti lè bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, kíkúrú ọ̀sán máa ń dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún. Níhìn-ín tí ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú, ó lè ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan, bí kò bá sì rí akọ, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àwọn akọ á gbọ́ ọ, wọ́n á pé jọ sórí páànù, ìjà á bẹ́.

Igbe yìí jọ ti ọmọ ọwọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé àjẹ́ ló ń pàdé. Wọ́n á da omi gbígbóná lé ológbò lórí, tàbí kí wọ́n fi májèlé sínú ẹja. Ohun tí ara ẹran ń fẹ́ kò ní tìtorí èyí dáwọ́ dúró. Ẹ̀sùn náà kì í sì í dúró lára ológbò. Ó máa ń lé arúgbó tó ń sìn ín bá, ibẹ̀ ló ti ń di ọ̀ràn. Májèlé ọ̀hún kò mọ ológbò yàtọ̀ sí ọmọdé. Ní 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Nàìjíríà, fòfin de ìgò kékeré òògùn kòkòrò dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Sniper, nítorí ẹ̀mí tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ ṣòfò. Ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé náà lè bá a lọ, ilé á wá di ilé èkúté.

Iṣẹ́ abẹ ló ń yanjú ọ̀rọ̀ igbe abo àti ìjà akọ yìí: títẹ akọ lọ́dàá, àti yíyọ ilé ẹyin abo. Òbúkọ òdá kì í ṣe àjèjì ní Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ òbúkọ lọ́dàá kọ́ ni kó fọwọ́ kan ológbò. Dókítà ẹran ló ní òògùn akunnilóorun tí iṣẹ́ náà gbà. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà fún un, ọ̀nà náà sì tó nǹkan bí 100 kìlómítà láti Ìsẹ́yìn. Bí ilé mẹ́ta mẹ́rin bá dáwó pe dókítà wá sí àdúgbò, ìnáwó á fúyẹ́.

Ológbò tí kì í ké tẹ́lẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn. Arúgbó ológbò tó ń jẹun púpọ̀ tó sì ń rù nílò àyẹ̀wò. Akọ tó ń tiraka láti tọ̀ tí ìtọ̀ kò jáde kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì kí dókítà tó rí i. Kí ẹnikẹ́ni má fún ológbò ní parasitamọ́ọ̀lù. Hóró kan péré lè pa á. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tó ń bu ènìyàn jẹ láìnídìí, kí wọ́n fura sí dìgbòlugi, àrùn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọdọọdún lè dènà. Ẹni tí ó bá bù jẹ tàbí tí ó họ lára yóò fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, yóò sì lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.