Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Ààrò Náà?

Ní ìsinmi tó kọjá, mo ba ìlú kan jẹ́ ní Ìpapó. Ẹ má sá, inú kọ̀ǹpútà ni ìlú náà wà. Àbúrò mi tó wà ní SS2 ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ sínú Minecraft, eré tí wọ́n ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ohun gbogbo. Ó wá fi àfikún kan tí wọ́n ń pè ní IndustrialCraft sí i, èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn kọ́ ẹ̀rọ núkílíà tí yóò máa fún gbogbo ìlú náà ní iná mànàmáná. Ó ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ó jáde lọ pọn omi, mo sì fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo fi ọ̀pá yùréníọ̀mù mẹ́rin kún èyí tó wà níbẹ̀, mo sì tò wọ́n sún mọ́ra. Nínú eré yìí, bí ọ̀pá méjì bá fara kanra, iná tí wọ́n ń mú wá á pọ̀ sí i, ooru wọn á sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lè gba ooru tó tó 10,000. Bí ó bá kọjá 4,000, ohun tó wà nítòsí lè gbiná. Ní 5,000, omi àyíká rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ní 7,000, ara ẹni tó bá sún mọ́ ọn á máa bàjẹ́. Bí ó bá pé 10,000, ó bú gbàmù nìyẹn. Èmi ń wo iye iná tó ń gòkè, inú mi ń dùn; n kò wo ooru rárá. Kí àbúrò mi tó sọ garawa kalẹ̀, ihò ńlá ti wà níbi tí ìlú rẹ̀ wà.

Igbe rẹ̀ ni bàbá wa àgbà gbọ́ tí wọ́n fi wọlé. Wọ́n ní, "Kí ló jó?" Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, Gẹ̀ẹ́sì ni: reactor, coolant, meltdown. Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìwọ tí a rán lọ kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ni o kò rí Yorùbá sọ fún mi yìí?"

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ìtìjú yẹn ni mo gbé wá síbí. Èrò mi ni pé kò sí ẹ̀rọ núkílíà tó lè wà láìléwu láàárín àwọn ènìyàn tí kò ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi bèèrè nípa rẹ̀. Iṣẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, tí a kò lè tì sọ́dọ̀ àwọn onífísíìsì.

Mo tún gbìyànjú lọ́jọ́ kejì. Bàbá ti sun èédú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún wọn tó kọ̀, ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn ni mo sì gùn lé. Ẹ̀yin tó bá ti Òkè-Ògùn wá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi koríko tútù bò ó, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì fi ihò díẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀jù, igi á jó di eérú. Bí kò bá tó, iná á kú. Mo ní ẹ̀rọ yìí náà jọ bẹ́ẹ̀. Hóró kan tó kéré gan-an, tí à ń pè ní nútírọ́ọ̀nù, á kọlu ọkàn átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù, átọ́ọ̀mù náà á là sí méjì, ooru á jáde, nútírọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta mìíràn á sì tú síta láti lọ la àwọn mìíràn. Ọ̀pá kan wà tó ń gbé àwọn tó bá pọ̀jù mì, bí ẹni ń fi iyẹ̀pẹ̀ dí ihò. Ooru tó jáde ni a fi ń se omi, èéfín omi náà ni ó ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná mànàmáná wá.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí ooru bá pọ̀jù, níbo ni yóò gbà lọ? Ta ni ó ń sùn tì í lóru, ṣé ó sì láṣẹ láti dí i pa láìdúró de olówó? Àti eérú rẹ̀, níbo ni wọ́n ń dà á sí?

Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan lórí ọ̀rọ̀ núkílíà láti ìgbà náà, n kò tíì rí ìbéèrè tó ju mẹ́ta yìí lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni eré náà fi ń kọ́ni dáadáa. Èmi àti àbúrò mi tún ẹ̀rọ náà kọ́. A jẹ́ kí àyè wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì, a fi ohun tó ń fẹ́ ooru síta yí wọn ká, a sì so ẹ̀rọ tó ń wo ooru mọ́ ọn, pé bí ooru bá ti dé ìwọ̀n kan, kí ó pa ara rẹ̀. Iná tó ń mú wá dín kù, ṣùgbọ́n ìlú náà wà títí tí ìsinmi fi parí. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé pé ooru ni ènìyàn ń bójú tó nínú iṣẹ́ yìí.

Eré náà ní irọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tòótọ́ kò lè bú bí bọ́ǹbù átọ́míìkì, nítorí pé nínú yùréníọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá ń lò, irú èyí tó ń là, U-235, kò ju ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Irọ́ kejì ló léwu jù: nínú eré, bí o bá ti pa ẹ̀rọ, kò mú ooru wá mọ́. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èédú tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti kú, tí wọ́n dì sápò kí ó tó tutù tán, lè gbiná lójú ọ̀nà kí ó sì jó ọkọ̀ tó gbé e.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní kété tí a bá pa ẹ̀rọ núkílíà, bíi ìdá mẹ́fà tàbí méje nínú ọgọ́rùn-ún ooru rẹ̀ ṣì ń jáde, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. À fi kí a máa fi omi tù ú. Ní Fukushima ní Japan, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ sì pa ara wọn bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ni omi òkun ya wọlé, ó bo àwọn jẹnẹrétọ̀ tí ó yẹ kí ó máa fa omi ìtutù. Ooru àjẹkù yẹn ló yọ́ inú ẹ̀rọ mẹ́ta. Àwa tí a mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ máa ń fojú ẹni rí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ti ìbéèrè kejì, Chernobyl ni ẹ̀rí. Ní òru ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, wọ́n ń dán nǹkan wò, wọ́n sì ti pa díẹ̀ lára ohun tó yẹ kí ó dáàbò bo ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n àbùkù wà lára ẹ̀rọ ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò sì ṣàlàyé àbùkù náà fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Aṣọ́nà tí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún kò lè mọ ìgbà tó yẹ kí ó kígbe.

Ìbéèrè kẹta ti kàn wá rí, láìsí ẹ̀rọ núkílíà kankan. Ní 1987 àti 1988, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá pàǹtí olóró láti Ítálì wá sí Koko, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, Delta lónìí. Àgbàlá ẹnì kan ni wọ́n kó wọn sí. Àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ohun tó wà nínú wọn. Ta ni ó ta wá lólobó? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ni, tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà kà, tí wọ́n sì kọ̀wé sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n.

Àwọn kan nínú yín á ní ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Kò jìnnà. Ẹ̀rọ núkílíà kékeré kan wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria láti 2004, NIRR-1 ni wọ́n ń pè é. Ìwádìí ni wọ́n fi ń ṣe, agbára rẹ̀ kò ju bíi kílówáàtì ọgbọ̀n lọ, ní 2018 ni wọ́n sì pààrọ̀ yùréníọ̀mù inú rẹ̀ sí irú tí a kò lè fi ṣe bọ́ǹbù. Mo fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ńlá tipẹ́, wọ́n sì ti dárúkọ Geregu ní Kogí àti Itu ní Akwa Ibom. N kò sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọ. Ohun tí mo ń bèèrè ni èdè tí wọn yóò fi sọ fún ìyá tó ń ta ẹja létí odò níbẹ̀.

Iṣẹ́ wa dé nìyí, kò sì rọrùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ "iná": iná ìdáná, iná mànàmáná, ọ̀kan náà ni lẹ́nu wa. Bí a bá sọ pé "a ti pa á", ẹni tó gbọ́ á rò pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ ooru ṣì wà. Mo dábàá "ooru àjẹkù". Ẹ wo "eérú": eérú kò ṣe nǹkan fún wa, ọṣẹ dúdú ni a fi ń ṣe, oko ni a ń dà á sí. Ẹni tó bá pe pàǹtí núkílíà ní eérú lásán ti pa èrò kan sí ọmọ ènìyàn lọ́kàn tó lè ṣekú pa á. "Eérú olóró" sàn díẹ̀. "Ààrò núkílíà" ni mo pe ẹ̀rọ náà fún Bàbá, nítorí pé gbogbo ilé ló mọ̀ pé ààrò kì í dá wà.

Àwọn ọ̀rọ̀ yìí lè má dára tó. Ẹ sọ èyí tó sàn jù. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún lórí agbára núkílíà kí ọdún yìí tó parí, kí a jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka físíìsì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì kà á fún ẹni tí kò lọ síléèwé kí a mọ̀ bóyá ó yé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní rédíò, ẹ bá wa gbé e sáfẹ́fẹ́.

Kí n tó padà sí iléèwé, àbúrò mi fẹ́ fi ọ̀pá méjì kún ẹ̀rọ rẹ̀. Bàbá wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ooru rẹ̀ ńkọ́?" Ọmọ náà ka iye rẹ̀ sókè, 2,300, ó sì ní òun á dúró kí ó lọ sílẹ̀ ná.