Ọ̀bọ Tí Kò Sá fún Wa

Ẹ gbọ́ ná: kìnnìún ni àwọn ìbejì mi ní àwọn fẹ́ lọ wò! Tẹlifíṣọ̀n ló fà á. Wọ́n mọ ẹranko Kẹ́ńyà bí ẹni mọ owó, wọn ò mọ èyí tó ń bẹ nínú igbó tiwa. Ni mo bá kó wọn kúrò ní Mọdákẹ́kẹ́, a gba Ẹdẹ kọjá, ó di igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo.

Kì í ṣe ìgbà ọdún la lọ, torí bí ariwo bá pọ̀, ọ̀bọ kì í sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n má wá ọ̀bọ, ẹ̀ka tó ń mì nígbà tí atẹ́gùn ò fẹ́ ni kí wọ́n máa wò. Táíwò ló kọ́kọ́ rí i. Ká tó wí, wọ́n ti tó mẹ́jọ, ìyá kan fi ọmọ mọ́ ikùn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìdí wọn lẹ́bàá ìrù, ẹ ó rí àmì funfun méjì níbẹ̀. Ohun la fi ń dá ọ̀bọ yìí mọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sì ń kó oúnjẹ sí. (Ẹ fi bísíkíìtì pamọ́ o. Wọ́n já ti Kẹ́hìndé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.)

Kẹ́hìndé ní, “Bàbá, kí ló dé tí wọn ò sá fún wa?”

Mo ní èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti igi gígé nínú igbó náà. Ìjọba fi òfin dáàbò bò ó ní 1965, UNESCO náà gbà á wọlé ní 2005, gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ti wà kí òfin tó dé.

“Ṣé ẹ ti jẹ ọ̀bọ rí?”

Ẹ̀yin ará, ìyá mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé wa rí, nítorí ìbejì. Ẹdun ni tiwọn, ọ̀bọ dúdú tó ní irun funfun, tí mi ò tíì fojú rí láyé mi, orúkọ rẹ̀ nìkan la ń pè. Àmọ́ èmi ti jẹ ọ̀bọ nídìí ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì. Mo ní ìbejì ò sí níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ni mo tó sọ òótọ́ fún wọn. Kẹ́hìndé ní òun gbọ́. Táíwò ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ẹdẹ.