Mọ́nítọ̀ Tí Ọmọ Ń Bèèrè: Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ. Ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ ni, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tí à ń wò. Bí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ràn géèmù nílé, ó dá mi lójú pé ẹ ti gbọ́ ọ rí: “Màmá, kọ̀ǹpútà mi lágbára, mọ́nítọ̀ rẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn. Oní-144 ni mo fẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àkọ́bí mi wí. Kọ̀ǹpútà ńlá tó fi ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó ń kọ́lé ni, alẹ́ ló ń fi í ṣe géèmù. Nígbà tí èsúsú kàn mí, mo yọ nínú rẹ̀ fi kún owó ọwọ́ rẹ̀, a sì ra oní-144 náà wálé. Ojoojúmọ́ ló ń yìn ín fún mi pé àwòrán rẹ̀ ń lọ geere. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ó fẹ́ mú kí lẹ́tà ojú rẹ̀ tóbi sí i, ó ṣí Settings, ló bá rí 60 níbẹ̀. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣé 144 kọ́ lẹ ní kí Màmá rà fún yín ni?” Odindi oṣù mẹ́ta la fi sanwó 144 tí a ń wo 60! N kò lè bínú, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n owó èsúsú mi dùn mí. Mo bá fẹ̀sọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò.

Iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ ń pààrọ̀ àwòrán ojú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni 144 yìí. Hertz ni wọ́n ń pè é, orúkọ Heinrich Hertz, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Òun náà ni wọ́n fi ń ka iná mànàmáná ilé wa, tó jẹ́ 50. Bí a bá gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, àwòrán kan lójú oní-60 yóò lo nǹkan bí 17 nínú rẹ̀ kí òmíràn tó dé. Ti oní-144 jẹ́ nǹkan bí 7, ti oní-240 jẹ́ 4. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò èrè ọjà: láti 60 dé 144, èrè 10, láti 144 dé 240, èrè 3 péré, láti 240 dé 360, kò tó 2. Bí ọmọ yín kì í bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje nínú géèmù ìbọn bíi Counter-Strike 2, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 360 gba owó lọ́wọ́ yín. Oní-144 títí dé 180 tó o.

Ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ kì í ya àwòrán fúnra rẹ̀. Káàdì graphics inú kọ̀ǹpútà ló ń yà á. Bí káàdì bá ń ya 70 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, 70 náà lẹ ó rí, bí mọ́nítọ̀ tilẹ̀ jẹ́ oní-144. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á gbọ́ 4K, wọ́n á ní òun ló dára jù. Àmì ìmọ́lẹ̀ wínníwínní tó para pọ̀ di àwòrán lójú mọ́nítọ̀ 1920 x 1080 lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. Ti 2560 x 1440 tó mílíọ̀nù 3.7. Ti 4K lé ní mílíọ̀nù 8, ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́! Káàdì tó ń fi ìrọ̀rùn ya 200 lórí ti àkọ́kọ́ lè máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí 4K. Bí ẹ bá bi mí, fún kọ̀ǹpútà tó lágbára lóòótọ́, 2560 x 1440 oníńṣì 27 ni n óò rà. Bí agbára rẹ̀ bá wà níwọ̀n, 1920 x 1080 oníńṣì 24 kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹ wo ara páálí bóyá ẹ ó rí FreeSync tàbí G-Sync. Bí ìrìn káàdì àti ti mọ́nítọ̀ kò bá dọ́gba, àwòrán máa ń ya sí méjì: orí ènìyàn níhìn-ín, ara rẹ̀ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ àwọn orúkọ méjì yìí ni pé mọ́nítọ̀ yóò máa dúró de káàdì. Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni NVIDIA ti jẹ́ kí káàdì wọn máa bá ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ FreeSync ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má tìtorí orúkọ G-Sync nìkan san owó gọbọi.

Ní ti irú ojú rẹ̀, IPS ni mo fẹ́ràn fún ilé, nítorí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò rí àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà níwájú. Dúdú VA dúdú dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó ń sáré nínú òkùnkùn máa ń fa ìrù lójú rẹ̀. OLED ló yá jù, òun ló sì rẹwà jù, àmọ́ ohun tó bá dúró lójú kan pẹ́ lè fi àpá síbẹ̀. Ọmọ mi tí í tẹ́ àwòrán ilé kalẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, n kò ní ra OLED fún un.

Bí ẹ bá gbé e délé, wáyà inú páálí rẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ara káàdì graphics ni kí ẹ kì í bọ̀, kì í ṣe ihò mìíràn lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. HDMI 2.0 kò lè gbé 4K tí àwọ̀ rẹ̀ pé kọjá 60; HDMI 2.1 gbé 120 rẹ̀. DisplayPort 1.4 ń gbé 2560 x 1440 ní 144 láìlàágùn. Lẹ́yìn náà, nínú Windows, ẹ wọ Settings, System, Display, kí ẹ tẹ Advanced display, kí ẹ fọwọ́ ara yín yan nọ́ńbà tí ẹ sanwó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ìsọ̀ ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti ṣe èyí, kí ẹ sì ní kó gbé àwòrán funfun báláú àti dúdú kirikiri sójú rẹ̀, kí ẹ fi wá ibi tó ti kú.

Àkọ́bí mi ti yí tirẹ̀ sí 144 báyìí. Ó ní ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an. Àbúrò rẹ̀ ní òun yóò yọ́ yí i padà sí 60 lọ́jọ́ kan, kí a wò ó bóyá yóò mọ̀.